Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá fún Ẹ̀rọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kí n tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni,
kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa l'Ókè-Ẹ̀rì
yọ ìwé pélébé kan sójú, ó ní:
àtúnṣe ààbò parí lónìí.
Kò gbóná. Kò ké. Kò dákú.
Gbogbo bọ́tìnì tí mo tẹ̀ ló ń jẹ́ mi lóhùn.

Ṣódiípọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó fi ìka kan họ irùngbọ̀n:
"Màmá, ara rẹ̀ le. Àwọn tó ṣe é ló jáwọ́.
Ihò tí olè bá rí lára rẹ̀ láti òní lọ,
kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́."
Kí la ó wá ṣe? Ó ní kí a ra tuntun.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ ra gúgúrú.

Ọdún méje!
Ọdún tí a rà á ni wọ́n bí Mofẹ̀yìntì ọmọ ọmọ mi,
eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.
Ẹ̀rọ tí ìyá mi fi rán aṣọ ìgbéyàwó mi
ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, epo díẹ̀ ló ń tọrọ,
ẹni tó rọ ọ́ kò kọ lẹ́tà ìdágbére sí wa rí.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ara mi.
Olè kì í gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé.
Ẹ̀rọ ìyá mi kò mọ iye tí Odùbẹ̀là jẹ,
kò mọ obìnrin tó yá owó ilé ìwòsàn
tí kò fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́.
Èyí mọ̀ ọ́n.
Ohun tó mọ àṣírí ọgọ́jọ ènìyàn
kò yẹ kó máa sùn síta láìsí ọdẹ.

Erédò kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa.
Àwọn tó gbẹ́ yàrà yẹn kò bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́.
Ògiri rẹ̀ ṣì ga; àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni kò sí.
Ewúrẹ́ Alágbà Ọ̀nàfowókàn ń gba ibẹ̀ jáde,
ó sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Mi ò ní kí wọ́n ṣọ́ ọ títí ayé.
Ọmọkùnrin tó ń dí ihò, òun náà fẹ́ lọ jẹun alẹ́.
Àmọ́ kí ọjọ́ tí wọn yóò jáwọ́
ti wà lára páálí nígbà tí mo ń ka owó,
bí ó ti ń wà lára agolo mílíìkì.
Kí ó sì pẹ́ ju gbèsè lọ, ó kéré tán:
oṣù kẹta ọdún tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ san tiwa tán!
Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wa.
Ṣódiípọ̀ lè ṣí i. Ó ní òun lè ṣí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fa wáyà intanẹ́ẹ̀tì yọ.
Mo gbé rẹ́jísítà elẹ́yìn pupa sọ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù,
mo gbọn eruku rẹ̀.
Odùbẹ̀là, ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Báírò náà kọ́kọ́ kọ̀.
Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.
Ó kọ.