Ibì Kan Náà

Gbé e sún mọ́ fèrèsé, Ṣínàayọ̀, mú un kúrò lábẹ́ gílóòbù.
Gílóòbù máa ń bá èèyàn purọ́;
oòrùn Mọ́lípà láago mẹ́sàn-án kì í ṣojúsàájú.
Wò ó: ewé mẹ́ta lórí wúrà, tánganran aláwọ̀ ewé,
àti ihò kan, bíńtín, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un.

Má tíì bínú sí iná.
Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń bínú sí iná.
Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Ọnàfúwà, èmi náà bínú sí i,
àfi ìgbà tí bàbá bi mí pé,
“Omi wo lo fi fọ dígí yẹn?”
Omi kànga ni. Kànga wa mu ìpẹtà,
ìpẹtà sì yọ sójú iṣẹ́,
àmì dúdú mẹ́rin láyà ẹyẹ funfun.
Láti ọjọ́ náà, omi òjò ni mo ń tọ́jú sínú ìgò,
òjò kejì ni o, lẹ́yìn tí tàkọ́kọ́ bá ti fọ páànù tán.

Bó bá ṣú bí ojú ọjọ́ ọyẹ́, o ò fọ dígí tó kó o tó tẹ́ ẹ ni.
Lọ̀ ọ́, bu omi lé e, da omi funfun náà nù,
tún bu òmíràn, títí tí wàá fi rò pé kò sómi nínú abọ́.
Bójú ẹ̀ bá ṣe gbágungbàgun bí ìkọ́kọrẹ́,
dá a padà síná, kò tíì jinná.
Bó bá sán, o kánjú gbé e bọ́ sátẹ́gùn.
Bí wúrà ṣe ń sún kì kọ́ ni dígí ṣe ń sún kì,
wọn kì í ṣọmọ ìyá kan náà;
jẹ́ kí wọ́n jọ tutù díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ìléru.

Ṣùgbọ́n èyí!
Mo ti fi òkúta ha á, mo ti gbá a mọ́,
mo ti bu ìyẹ̀fun dígí dí i,
mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí ọ̀rinrin ẹ̀ fi gbẹ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún hó.
Ibì kan náà ló ń hó.
Nǹkan tó bá ń hó níbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta,
àìsàn kọ́, ọ̀rọ̀ ló fẹ́ sọ.

Mo yí i padà, mo fi awò wo ẹ̀yìn ẹ̀.
Ìlà kan la ewé àárín kọjá, ó funfun ju wúrà lọ.
Òjé! Ẹnìkan ti gé e sí méjì rí,
ẹlòmíràn jó o pọ̀, wọn ò sọ fún wa.

Màmá Òdùyọyè wá lánàá, ó gbé gàrí dání.
Mo ní, “Màmá, ta ló gé e?”
Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ń tú ẹnu ọ̀rá gàrí, ó tún ń dì í.
“Èmi àti Adéyọ̀ọ́lá. Ọdún tí ìyá wa kú.
Orí tábìlì ìjẹun la ti fi ayùn gé e.
Ọdún kẹtàlélógún rèé.
Ó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Ṣàgámù, nínú àpò ìwé,
kò kọ nǹkan kan sí i.
Mo ní kẹ́ ẹ ṣáà bá mi fi àwọ̀ bò ó.”

Kò ní bò.
Tí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ òjé, òjé á mí,
dígí ò sì lè fọwọ́ bo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ó yá, mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ wá. Màá yọ òjé yẹn kúrò,
màá na okùn wúrà kan lóòró sójú ìlà náà,
kí tánganran ọ̀tún dúró lọ́tùn-ún, kí tòsì dúró lósì.
Ẹni bá wò ó á rí i pé wọ́n gé e.
Kó rí i. Bí Màmá bá kọ̀, kó kọ̀.

Fún mi ní omi.
Dúró ná, òjò àná tó wà nínú ìgò yìí,
ṣé tàkọ́kọ́ ni àbí ìkejì?