Àdàpè

Kíláàsì Ìyáàfin Pelley, ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
yìnyín Labrador lójú fèrèsé.
Ó kọ àsọrégèé sójú pátákó.
Wendell ní òun ti ń dúró de bọ́ọ̀sì láti ayé Nóà;
a rẹ́rìn-ín, ó gba máàkì méjì.
Àfiwé tààrà: etí mi pupa bí akàn tí wọ́n sè.
Ìfohunpènìyàn: afẹ́fẹ́ òkun ń kanlẹ̀kùn,
kò sì nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé.

Ó wá kọ àdàpè.
Ó ní, ọ̀rọ̀ tí a wọ̀ láṣọ
kó má baà wọlé níhòòhò.
Ta ló ní àpẹẹrẹ?

Mo rántí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ẹja, lára fìríìjì,
lábẹ́ òòfà tó rí bí ẹja kọ́ọ̀dù:
A ti yọ̀ǹda Ọ̀gbẹ́ni Hynes kó máa lọ.
Bí ẹni pé bàbá mi ló tọrọ àyè.
Bí ẹni pé ọwọ́ tó ha ìpẹ́ fọ́dún mọ́kàndínlógún
ti ń wá ibi tí yóò sá gbà.

N ò nawọ́.

Nílé, ó bi mí: kí lẹ kọ́ lónìí?
Mo ní, kò tó nǹkan.
Iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá lọ ńkọ́, Bàbá?
Ó ní, wọ́n á pè mí.

Àwa méjèèjì, máàkì méjì méjì.