Bàtà Tí A Ó Wọ̀ Dé Ìkógòsì

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní ká lò níbẹ̀, àwa olùkọ́ girama.
Wọ́n ní ká mú aṣọ òtútù dání, ká mú aṣọ ìwẹ̀ dání;
kò sẹ́ni tó sọ ohun tí a ó wọ̀ sẹ́sẹ̀.

Mo to bàtà mi sórí ẹní ní Àdó,
mò ń wò wọ́n bí ẹni fẹ́ yan olórí kíláàsì.
Èyí dúdú, onígìgísẹ̀ gíga,
a máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ lórí símẹ́ńtì bí ẹni ń kanlẹ̀kùn;
ṣùgbọ́n òkúta odò tó ti hu irun
kì í dáhùn "ta nìyẹn?"
Ṣe ló máa ń ṣílẹ̀kùn gbàgà,
àlejò á sì fi ìdí wọlé.

Kánfáàsì funfun ńkọ́? Ó mọ́ jù.
Ilẹ̀ pupa Ẹ̀rìò kì í jẹ́ kí ohun funfun sùn níbẹ̀.
Sílípáàsì? A máa bá ènìyàn délé,
kì í bá ènìyàn gòkè.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Ìbídàpọ̀ lọ ní Òkèṣà,
níbi tó tẹ́ òkìríkà sí.
Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ òkìtì,
ó fa nǹkan kan yọ tó wúwo bí ọmọ odó:
"Tíṣà, bàtà yìnyín rèé!"
Inú rẹ̀ nírun bí ikùn àgùntàn,
ìsàlẹ̀ rẹ̀ léyín.
Òkè wo lo ti sọ̀ kalẹ̀, ìwọ bàtà,
tó o fi gba inú béèlì wá sí Èkìtì?

Gbénró ló sọ sí mi lọ́kàn, àbúrò mi,
tó ń fọ abọ́ nílé ìtura kan lórí òkè yìnyín.
Ó ní àwọn èèyàn ń sanwó níbẹ̀
kí wọ́n lè máa yọ̀ látòkè délẹ̀.
Mo ní, yọ̀ bí ẹni joyè,
àbí yọ̀ bí ẹni tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín títí, ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀:
"Tàkọ́kọ́ ni tiwọn, èmi ni mo ni tìkejì.
Láti yàrá mi dé ilé ìdáná
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti nà gbalaja.
Bàtà tí mo kó wá láti ulé ò mọ ilẹ̀ yìí."
Gbénró, tí orúkọ rẹ̀ ní kó dúró!

Mo ní kí n rà á, kí n fi ránṣẹ́ sí i.
Ìbídàpọ̀ pàtẹ́wọ́:
"Ẹ fẹ́ dá òkìríkà padà fún olówó rẹ̀?
Owó ọkọ̀ òfuurufú á ra òkìtì yìí tán."
Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo fi ra rọ́bà,
oníhò lára, irú èyí tí Yèyé máa ń wọ̀ lọ oko kòkó,
tí a kì í gbà á láyè kó wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Ìkógòsì, Fàmúrewá tó ń mú wa káàkiri
wo ẹsẹ̀ wa kó tó wo ojú wa.
Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn rìn sún mọ́ ọ̀gá wa obìnrin,
onígìgísẹ̀,
kò sì pẹ́ tó fi rí ohun tó torí ẹ̀ sún mọ́ ọn.

Níbi tí omi gbígbóná ti pàdé tútù,
mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, tòsì bọ èkejì.
Omi ń gba ojú ihò wọlé, ó ń gba ojú ihò jáde,
kò bi mí ní ìbéèrè.
Mo ya ẹsẹ̀ mi ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Gbénró.

Òru ni èsì dé, nígbà tí abọ́ tán nílẹ̀ lọ́hùn-ún.
Ọ̀rọ̀ méjì péré:
Ẹsẹ̀ Yèyé.