Ó Mọ̀ Ọ́n Ṣubú

Èmi ni mo ń wa fáànù.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé Ìbídùnní káàkiri,
Líìdì sí Họ́ọ̀lù, Họ́ọ̀lù sí Gírímúsìbì,
òjò lójú gíláàsì, òórùn róòbù nínú ọkọ̀,
bàtà rẹ̀ olókùn gígùn lórí itan mi
nítorí pé ẹ̀yìn fáànù ń jò.

Bàbá wa rò pé nọ́ọ̀sì alẹ́ ni.
"O kú iṣẹ́ òru o," ni yóò wí láàárọ̀ Sọ́ńdè
bó bá rí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi tí kò ṣeé yí.
"Àwọn aláìsàn òyìnbó yìí á mà wúwo o."
Ìbídùnní á ní, "Wọ́n wúwo, sà."
Kò purọ́ níbẹ̀:
Gíléńdà tó gbé sókè ní alẹ́ àná
kò dín ní àpò ìrẹsì méjì.

Ní gbọ̀ngàn Gírímúsìbì, níbi tí òórùn ẹja ti wọ aṣọ ìkélé,
ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú kéde
pé ọmọ ọba láti inú igbó kìjikìji ló ń bọ̀.
Ilé ìwòsàn Líìdì ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì.
Igbó tí a mọ̀ kò ju ọgbà tí Bàbá ń gbin ọ̀dùnkún sí lọ.
Ìyá arúgbó kan ní ìjókòó iwájú fi agbòjò nà án lẹ́sẹ̀;
nígbà tí ìjà parí, ó fún un ní súìtì.

Mo kọ́ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yẹn:
ẹni tí wọ́n dá ló ń ṣiṣẹ́ jù.
Gíléńdà á sọ sí i létí, "Òsì,"
Ìbídùnní á fò sí òsì,
àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà, apá méjèèjì gbá ilẹ̀ pàá,
kí ariwo lè ju ìrora lọ.
Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.
Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ìkankan nínú méjèèjì.
Iná òrùlé ló ń wò, ó ń ka ení, èjì.

Ní Dọ́ńkásítà, lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín bọ́,
kò ka dé èjì kí eékún rẹ̀ tó dún bí igi gbígbẹ.
Gíléńdà ló kọ́kọ́ sunkún.
Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré.
Pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni owó alẹ́ yẹn,
wọ́n sì yọ owó báńdéèjì kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́dún kejì, tíátà kékeré kan ní Họ́ọ̀lù
ń wá obìnrin tó lè já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn.
Ó lọ. Ó já bọ́.
Olùdarí mi orí: "Rárá. O ń ṣubú bí ẹni tó ti bá ilẹ̀ ṣàdéhùn.
Ṣubú bí ẹni tí àtẹ̀gùn dalẹ̀."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kọ́ bí a ṣe ń gbàgbé.
Mo jókòó sínú fáànù níta,
mo ń gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìn ògiri.
Lọ́jọ́ tó gbàgbé dáadáa, mo sáré wọlé.

Nígbà tó wá dé orí tẹlifíṣọ̀n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó ṣe.
Nọ́ọ̀sì alẹ́. Mi ò fi kún un.
Bàbá fa àga súnmọ́ ọn, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri.
Ìbídùnní gbé aláìsàn kan láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga,
ọwọ́ kan lábẹ́ apá, ọwọ́ kan lábẹ́ eékún:
bó ṣe máa ń gbé Gíléńdà gan-an nìyẹn.
Bàbá yíjú sí mi:
"O rí i? Iṣẹ́ tó ti ń ṣe látọjọ́ ló ń ṣe yẹn.
Wọn ò kọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga kejì,
ó ń fi ọwọ́ pa eékún Dọ́ńkásítà.
Kò rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́wọ́.
"Wọ́n wúwo, sà," ló wí.