Ohun Tí Wọ́n Kọ Sísàlẹ̀

Iná dé ní aago mẹ́jọ ku díẹ̀.
Ọkọ mi ní kí n gbé fíìmù Kúríàn sí i,
èyí tí ọmọ Kúríàn fi ránṣẹ́ láti Kérálà
nígbà tó gbọ́ pé ojú ọ̀rẹ́ bàbá òun ti ń ṣe bàìbàì.
Èdè Màlàyálámù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀,
bí ẹ̀wà gbígbẹ tí ń dà sínú páànù.
Òyìnbó ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, funfun, tín-ín-rín.
Ọkọ mi kò sì rí funfun kankan mọ́
àfi àwọsánmà tó wà lójú ara rẹ̀.
"Àwẹ̀ró, máa kà á fún mi."

Mo kà á.
Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ó ń rọ̀ ní Yemẹ̀tù,
páànù orí ilé wa ń dá tiwọn lóhùn.
Obìnrin kan ń kó aṣọ kúrò lórí okùn.
Mo ní: Ó ń kó aṣọ.
Ọkọ rẹ̀ pè láti Dúbáì.
Mo ní: Ọkọ rẹ̀ ló pè.
Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ yọ lójú ọ̀nà,
ó sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín,
wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Mi ò sùn lánàá nítorí rẹ.
Mo ní: Ó ń béèrè bóyá pẹtiróòlù wà ládùúgbò.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé.
Ẹnu mi ló yà
bí ọkọ̀ tó ṣàdéédé rí kòtò.

Nígbà tí ọkùnrin náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
tí kámẹ́rà dúró ti bàtà, tí kò wọlé,
ọkọ mi béèrè: "Kí ló dé tí gbogbo wọn dákẹ́?"
"Wọ́n ń jẹun ni."
"Ta ni ọkùnrin yẹn?"
"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Ó ń fọwọ́ pa apá àga, ó pẹ́.
"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ ìgò fún Kúríàn
ní yàrá kẹ́mísírì.
Ìyàwó rẹ̀ máa ń pè é láti kíṣìnì: ṣẹ́tà!
Mo bi í pé kí ni ṣẹ́tà.
Ó ní ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní ọkọ náà ni,
pé níbi tí àwọn ti wá, obìnrin kì í dárúkọ ọkọ.
Mo ní, àwa náà ńkọ́?
Obìnrin yìí pe ẹni orí fóònù ní ṣẹ́tà.
Ẹni tó bọ́ bàtà, orúkọ rẹ̀ ló ń pè.
Orúkọ lásán. Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin."

Òjò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó tún dá a padà fún un.

"Nígbà ọyẹ́, Alájẹnẹrétọ̀ lo ń pè é.
Àgbàdo yọ, ó di Bọ̀dá Súbérù.
Ìjẹta: Súbérù, wá wo púlọ́ọ̀gì yìí.
Kò dé fìlà, kò wọ bàtà,
ìhòòhò lorúkọ náà ń jáde lẹ́nu rẹ.
Jẹnẹrétọ̀ wa kò sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Kí ni Súbérù ṣe?
Ó kọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo ti jẹun.
Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, wọn á ṣí ojú ọkọ mi ní Yúsíéèṣì.
Èmi ni mo tò láti aago márùn-ún ìdájí gba káàdì rẹ̀,
ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo tà san owó náà.
Ẹ kọ ìyẹn náà sísàlẹ̀, ẹ̀yin tó ń kọ nǹkan.

"Dá a padà síbẹ̀rẹ̀," ó ní.
"Ka ohun tí wọ́n kọ."

Mo dá a padà.
Obìnrin náà tún ń kó aṣọ: ẹ̀wù ọkùnrin kan ṣoṣo,
tí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ tí ó fi fọ̀ ọ́.
Kẹ̀kẹ́ yọ lójú ọ̀nà.
"Mi ò sùn lánàá," mo kà á, "nítorí rẹ."
Ohùn mi gbọ̀n níbi tí ohùn ọkùnrin náà kò ti gbọ̀n.

Wọ́n mú iná lọ.
Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀.
Nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọwọ́ mi kiri lórí àga,
ó bá rìmóòtù,
ó dì í mú.