Èyí Tí Kò Ní Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yìnkùlé mi kọjú sí àríwá.
Igi mépù kan ló fi ibẹ̀ ṣe ilé,
ó na apá, ó gba oòrùn lójú ọ̀run,
ìwọ̀nba tó bá jò gba àárín ìka rẹ̀
ni ilẹ̀ mi ń rí tọ́ wò.
Tòmátì tí mo gbìn síbẹ̀ ga gọgọrọ, ó tín-ín-rín,
ó ń táràrà bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn lókùnkùn.
Méjì péré ló so.
Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ méjèèjì.

"Gbin họ́sítà," ni Marlys wí láti ẹ̀yìn ọgbà onípákó,
Marlys opó Arvid, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún,
tó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó yìnyín lójúde.
"Kò ní so nǹkan kan fún ọ. Ewé ni.
Ṣùgbọ́n ewé tó jẹ́ ewé."

Ní oṣù kejì, nígbà tí òtútù ń fọ́ páìpù omi ní Séńtì Pọ́ọ̀lù,
mo jókòó ti ìwé àwòrán àwọn olùtà ewéko,
ojú mi wọ̀ ọ́.
Èyí funfun láàárín bí ẹni da wàrà sí i,
èyí kò ju etí eku lọ,
etí èyí ká pọ̀ bíi ti páì inú ààrò.
Orúkọ mẹ́tàdínlógún ni mo kọ.
Marlys fi bírò pupa pa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ́.

"Èyí tó fẹ́ràn ìyè ni kí o kọ́kọ́ mú.
Funfun kì í dáná; àwọ̀ ewé ló ń se oúnjẹ.
Mú èyí tó rí búlúù bí èéfín, tí ewé rẹ̀ nípọn bí awọ bàtà,
ìgbín oníhòòhò á gé e wò, á yí padà.
Mú oníwúrà yìí, yóò fẹ̀ bí agboòrùn,
yóò di fìtílà fún ọ lábẹ́ igi.
Ẹ̀kẹta, má rà á. Dúró dè mí."

Etí mi gbọ́, ọwọ́ mi kò gbọ́.
Mo fi ogójì dọ́là ra oníwàrà.
Ní oṣù karùn-ún, ó ní ewé márùn-ún.
Ní oṣù kẹfà, mẹ́ta.
Nígbà tí oṣù keje máa fi parí,
orúkọ rẹ̀ nìkan ló dúró, lórí pátákó kékeré,
bí ibojì ọlọ́lá tí kò lókùú.
Marlys rí i. Ó wúkọ́. Kò sọ̀rọ̀.

Ó di Sátidé kan, ó ní kí n gbé ṣọ́bìrì sínú ọkọ̀.
A wakọ̀ dé ibi tí ilé ìyá rẹ̀ wà rí, lẹ́bàá ojú irin.
Wọ́n ti wó ilé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló ṣẹ́kù,
tó ń gòkè lọ síbi tí kò sí ilẹ̀kùn.
Họ́sítà yí i ká, tútù yọ̀yọ̀, etí funfun,
irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹpẹrẹ.
Ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó bomi rin ín.
"Tẹ ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀," ó ní, "má ṣàánú."
Ó dún ṣàkà, bí kábéèjì tí a là sí méjì.

Ìrì dídì àkọ́kọ́ dé, gbogbo wọn rọ wómúwómú,
bébà tó já sómi.
Mo ní mo tún ti pa á.
Marlys fi mí rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ yọ́, wọ́n gún un jáde,
ṣóńṣó-ṣóńṣó, aláwọ̀ àlùkò:
búlúù méjì, oníwúrà mẹ́ta,
ti ẹ̀bá ojú irin, mọ́kànlá.
Àgbọ̀nrín wá lóru kan, ó jẹ oníwúrà ku igi lásán.
Ó jẹ ti ẹ̀bá ojú irin náà.
Ìyẹn tún hù kí n tó bínú tán.

Lánàá, Kazoua tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé òdìkejì,
tí mépù mi ń jí oòrùn òun náà,
dúró lẹ́nu ọgbà, ó bi mí èwo lòun lè fi bẹ̀rẹ̀.
Mo gbé ṣọ́bìrì. N kò ṣàánú.
Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"
Mo ké sí Marlys.
Marlys ní ìyá òun kò fún un lórúkọ rí.
Mo fa pátákó oníwàrà yọ, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta,
ibẹ̀ mọ́ roro,
mo fi lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú bírò pupa kan.