Èyí Tó Ṣeé Yọ

Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni ti àkọ́kọ́.
Bí Evaristo ṣe ń ka owó láti kékeré nìyẹn,
kì í ka yúrò, orí ẹran ló ń kà.
Dókítà Yurena ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín,
ó to àgbọ̀n funfun mẹ́ta sórí tábìlì
lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí èbúté San Sebastián.

"Èyí, òpó irin méjì péré la ó rì sínú egungun.
Eyín á gùn ún bí bọ́tìnì, pà, ó wọlé;
lálẹ́ ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.
Èyí, òpó mẹ́rin, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so wọ́n pọ̀,
kì í mì tó bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́tàdínlógún.
Ìkẹta yìí, òpó mẹ́fà. A dè é mọ́ ibẹ̀ ni.
Èmi nìkan ló lè tú u. Ẹ ó jẹ ẹran gbígbẹ,
ẹ ó sùn tòun tẹ̀rín."

"Ewúrẹ́ mélòó?"
"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."
Ẹ̀gbọ́n mi wo òkun. Méjìdínlógójì ni gbogbo agbo rẹ̀,
àti òbúkọ, àti arọ inú wọn.

Mo ní kó mú ti àárín.
Ojo ló máa ń mú ti àárín, ó dá mi lóhùn.
Yurena fi àwòrán egungun rẹ̀ hàn wá,
ó ti fẹ́lẹ́ bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán.
"Níwájú ṣì le," ó ní.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé e wá kò tíì jáde.

"Súfèé ńkọ́?"

Lọ́dọ̀ wa ní La Gomera, àfonífojì jìn ju ohùn lọ.
Kí ẹsẹ̀ tó dé òdìkejì, ọbẹ̀ á ti tutù.
Nítorí náà la ṣe ń súfèé ọ̀rọ̀,
ìka kan lẹ́nu, ọwọ́ kejì ká bí ife.
Nieves, omi ti ya. Nieves, ajá rẹ wà níbí.
Àádọ́ta ọdún ló fi pè mí bẹ́ẹ̀,
títí eyín fi ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan
tí súfèé rẹ̀ wá ń jo bí ilẹ̀kùn tí kò sé dáadáa.
Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Etí mọ ohun tó mọ̀.

Yurena yá a ní eyín ìdánwò.
"Ẹ gbé e lọ sókè. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Lọ́jọ́bọ̀, mo ń ká aṣọ lórí okùn
nígbà tí súfèé sọdá.
Ó mú, ó mọ́ bí omi inú ìgò.
Kì í ṣe Nieves ló sọ.
Reyes ló sọ.
Reyes, ìyàwó rẹ̀, tí a sin lóṣù Ọ̀wàrà, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Eyín tuntun ló fá orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi di tirẹ̀.
Ó tún pè é.
Mo fi ìka sẹ́nu, mo dáhùn pé mò ń bọ̀.

Ó wá jẹun lọ́dọ̀ mi lálẹ́.
"Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"
"Ó dé."
"Kí ló sọ?"
Mò ń gé wàràkàṣì. N kò gbójú sókè.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó yọ eyín náà, ó fi í sínú ife,
ó jáde síwájú ilé, ó súfèé sí òkùnkùn:
Nieves, tòun ti atẹ́gùn tó ń jo lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí dókítà jókòó.
"Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án. Èyí tó ṣeé yọ."
Yurena ní mẹ́rin dára fún jíjẹ, mẹ́fà dára fún oorun.
"Mo gbọ́," ó ní. "Èyí tó ṣeé yọ."

Egungun ti di òpó mú báyìí.
Ọ̀kan nínú ewúrẹ́ tí a tà ti sá padà wálé,
a kò tíì sọ fún ẹni tó rà á.
Ní àṣálẹ́ mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
N kì í bi í bóyá eyín wà lẹ́nu tàbí nínú ife.
Lọ́jọ́ kan èmi ni. Lọ́jọ́ kan òun ni.
Mo máa ń fi ìka sẹ́nu.